Adé Ewé Olówùú Pupa

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé tí wọ́n ti ń wé adé ewé ní etíkun Maine wa níhìn-ín ní Amẹ́ríkà, kó má wulẹ̀ wo ẹnu ọ̀nà wọn. Kó wo bí obìnrin ilé náà ṣe ń di kọ́ọ̀pù tíì mú. Bó bá jẹ́ ọwọ́ méjèèjì ló fi gbá a mọ́ra bí ọmọ kékeré, iṣẹ́ wa nìyẹn. Àwọn ará ìlú ńlá á so adé ewé mọ́ ilẹ̀kùn wọn nígbà Kérésìmesì, wọ́n á ní òórùn rẹ̀ ń ta sánsán, wọn ò ní ronú pé ọwọ́ ẹnì kan ló wé e. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú ó pẹ́, n kò sì tíì rí ẹni tí mo lè dojú ìbínú náà kọ. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ti ilé Lorna fún yín.

Àárọ̀ ọjọ́ Jimọ̀ kan ni. Kọ́ọ̀pù bọ́ lọ́wọ́ Lorna, ó fọ́ sí ìdí àdògán. Vaughn, ọkọ rẹ̀, tó ń wọ bàtà láti lọ ṣẹ́ ẹ̀ka igi firi tí a fi ń wé adé ewé nínú igbó, kò gbé orí sókè. Kendra, ọmọbìnrin wọn, ọmọ tó ti ń lọ sí ogún ọdún, dìde mú ìgbálẹ̀.

"Ó yọ̀ ni," Lorna wí. "Ọṣẹ wà lára rẹ̀."

"Mọ́mì, àná lẹ fọ̀ ọ́. Ó ti gbẹ."

"Ìwọ wá di adájọ́ kọ́ọ̀pù."

Kendra gbá àfọ́kù náà jọ. Nígbà tó dà á nù tán, ó ní, "Ilé ìwòsàn máa pè lọ́sàn-án òní. Kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn?"

Lorna lọ síbi tí abọ́ wà. Ó ń wá kọ́ọ̀pù mìíràn.

Ohun tí ilé ìwòsàn fẹ́ gbọ́ kò le. Wọ́n ti fi ọjọ́ Mọ́ńdè sílẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ abẹ ọwọ́ ọ̀tún Lorna, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá yóò wá. Dókítà ti bá a sọ ọ́ kedere. Iṣan kan wà tó gba ọrùn ọwọ́ kọjá lọ sí àtàǹpàkò àti àwọn ìka tó tẹ̀ lé e. Ojú ọ̀nà tó ń gbà tóóró, awọ líle kan sì bò ó lórí. Ọwọ́ tó bá ń yí wáyà láti àárọ̀ dalẹ́, ojú ọ̀nà yẹn á wú, á fún iṣan náà lọ́rùn. Àwọn ìka á kọ́kọ́ máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á kú. Ọmọńdinrín nìkan ni kì í bá wọn kú, nítorí ọ̀nà mìíràn ni tirẹ̀ ń gbà. Abẹ́rẹ́ sìtẹ́rọ́ìdì tí Lorna ń gbà ń mú kí ojú ibẹ̀ sọ̀ ni, kò lè la ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó gbà á nìyí, dókítà sì ní òun ò fún un mọ́. Ó tẹ ẹran abẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ibi tó yẹ kó kún tí ó ti ń jìn wọlé, ó ní, "Bí ẹran yìí bá kú tán, màdáámù, a ṣì lè la ọ̀nà o. Kò kàn ní sí ẹni tó máa gbà á kọjá ni."

Bí ó bá fo ọjọ́ Mọ́ńdè, ó di ìgbà tí yìnyín bá yọ́. Àwọn tó ń dúró pọ̀.

"Kẹ́ ẹ gbọ́," Lorna wí nígbà tó jókòó tán. "Látìgbà tí mo ti gba abẹ́rẹ́ yìí, ṣé mo ti jí lóru? Mi ò jí. Ṣé Merle tó ń kó wọn lọ fún ilé iṣẹ́ ti dá adé ewé kan ṣoṣo padà fún mi? Kò dá ọ̀kan padà. Kí n tó gbà á ńkọ́? Ó ń kó wọn padà fún mi tìjà-tìjà, pé wáyà wọn dẹ̀. Ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ní kí n gbé e fún wọn kí wọ́n là á. Ta ló máa wé èyí tó kù? Ìgbà Kérésì ò ní dúró dè mí."

Kendra wo bàbá rẹ̀. Vaughn ń di okùn bàtà, ó dì í, ó tún un tú, ó tún un dì.

"Dádì, ẹ sọ̀rọ̀."

"Ọwọ́ ìyá ẹ ni," Vaughn wí. Ó mú fìlà, ó jáde.

Ọkùnrin dáadáa ni Vaughn, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kàn jẹ́ pé bó bá rí iná lórí òrùlé, á kọ́kọ́ bojú wo ilẹ̀ ná.

Kendra bọ́ sẹ́yìn ilé. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹja kúrò níta níbi tí òtútù ti mú un dì, ó gbé e ka àdògán kó máa yọ́. Ọwọ́ òsì ló fi gbé e, nítorí ọlọ́wọ́ òsì ni. Bó ti gbé e kalẹ̀ báyìí, ó fi ọwọ́ náà sábẹ́ apá.

Ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn ilé. Tábìlì gígùn kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òkìtì ẹ̀ka firi, òrùka irin, àti wáyà tí wọ́n ká. A ó di ẹ̀ka mélòó kan pọ̀, a ó fi wọ́n lé òrùka, a ó fi wáyà yí wọn ká, a ó fà á kó le, a ó tún fi ìdì mìíràn lé e títí yóò fi yí òrùka po. Fífà yẹn ni iṣẹ́ àtàǹpàkò. Bí wáyà bá dẹ̀, ewé á tú kó tó dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó rà á. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ tó ń rà wọ́n fi ní kí oníkálukú so òwú mọ́ tirẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa dá a padà fún. Òwú pupa ni ti Lorna, òwú búlúù ni ti Kendra. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà kò pè wọ́n ní òṣìṣẹ́ o. Wọ́n ní àwọn kàn ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn ni. Nítorí náà, bí ọwọ́ bá kú, ọwọ́ oníṣòwò ló kú. Ẹni tó sọ pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, ó yẹ kó padà wá sọ oògùn tí a ó lò fún iṣẹ́ náà.

Ní igun ṣẹ́ẹ̀dì, àpótí ìjókòó kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Ti Althea ni, ìyá Lorna, tó ti kú. Òwú pupa ti jẹ́ tirẹ̀ rí. Lókè àpótí náà, lórí ìṣó, ni adé ewé tó wé kẹ́yìn wà. Ó ti gbẹ pátápátá, ewé rẹ̀ ti ń rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́, síbẹ̀ kì í tán. Lorna kò lè sọ pé kí wọ́n gbé e kúrò, kò sì lè wò ó.

Althea a máa gbọn ọwọ́. Nínú ṣẹ́ẹ̀dì, nídìí àdògán, nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, á na apá sílẹ̀, á gbọ̀n ọ́n pà-pà-pà bí ẹni ń gbọn omi dànù, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. N kò sọ pé òkú ń rìn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Lorna sọ fún mi pé òun máa ń gbọ́ ọ nínú ṣẹ́ẹ̀dì yẹn, lẹ́yìn òun, nígbà tí wáyà bá dákẹ́. Ó máa ń yíjú padà, kò ní rí ẹnì kankan. Ọdún yìí, ó ní ó tún ti ń dún sí i.

Winnie, aládùúgbò wọn, wọlé bí oòrùn ti ń gòkè. Ó gbé dónọ́ọ̀tì wá, ó sì wá tọrọ wáyà. Ọmọ iléèwé kan náà ni òun àti Lorna, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ilẹ̀kùn.

"Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dúḿbú ẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè," ó wí, ó sì jókòó.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Abúlé yìí ni. Kendra, ọmọ mi, bù mí ní tíì. Lorna, ọ̀dọ̀ dókítà wo lo lọ tó fi ń fún ẹ lófin? Ìwọ náà ò gbọ́n. Bó o bá gba èkíní níbí, lọ gba èkejì lọ́nà Ellsworth, gba ẹ̀kẹta lọ́nà Calais. Ta ló máa kà á? Èmi, kí ìrì dídì àkọ́kọ́ tó bọ́ ni mo ti gba tèmi sápá méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, bí Vaughn ṣe ń fi òróró sí ayùn kó tó wọgbó. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Kí ẹ má rò pé Winnie nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn obìnrin wa ni. Dókítà á ní kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ kí ọwọ́ lè sinmi. Àwọn á gbà á kí ọwọ́ lè ṣiṣẹ́. Ìrora ló ń kìlọ̀ fún èèyàn, wọ́n á pa oníkìlọ̀ lẹ́nu mọ́, wọ́n á wá fi ìlọ́po méjì ṣe iṣẹ́ tó ń kìlọ̀ nípa rẹ̀.

"Ó wo ẹran abẹ́ àtàǹpàkò mi," Lorna wí. "Ó ní ó ń kú."

Winnie fi dónọ́ọ̀tì sílẹ̀ díẹ̀. "Ti ìyá ẹ náà rí bẹ́ẹ̀."

Ọbẹ̀ ń hó lórí àdògán.

"Ohun ìdè ọwọ́ yẹn ńkọ́?" Winnie béèrè, ó ń wo báńdéèjì onípátákó tó wà ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Lorna. "Ṣé o máa ń dè é sùn?"

"Mò ń dè é."

"Ó dára. Bí mo ṣe wí náà ni. Ìbátan mi kan gbà kí wọ́n là á, ó ti yá, mi ò ní parọ́. Àpá kékeré báyìí ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n odindi oṣù kan ni kò fi lè fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde lórí àga. Oṣù wo lo fẹ́ yọ nínú tìẹ? Oṣù yìí?"

"Ẹ̀yin Àǹtí Winnie," Kendra wí, ohùn rẹ̀ rọra, "ṣé ọwọ́ yín dára báyìí?"

"Ó dára bí ọwọ́ ọba."

"Ẹ bá mi mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ yẹn lórí tábìlì."

Winnie na ọwọ́. Ó fi ìka lé abẹ́rẹ́ náà, ó fi ìka wá a kiri bí ẹni tó wà nínú òkùnkùn. Kò mú un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tábìlì wọn ló ń yọ̀. Ó mú wáyà tó wá tọrọ, ó bọ́ sóde.

"Ṣé o ní láti dójú ti àgbàlagbà?" Lorna wí.

"Mi ò dójú tì í. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò ó ni. Ẹ̀tẹ̀ lẹ fi sílẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń pa làpálàpá."

"Òwe lo wá ń pa fún mi."

"Kí ni kí n pa? Mo ti sọ ọ́ tì lẹ́nu lásán."

"Ẹ̀rí ni kó o mú wá. Mú adé ewé kan tí Merle dá padà wá. Ọ̀kan péré. Bó o bá mú un wá, màá lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Kendra la ẹnu. Ó wo fèrèsé tó kọjú sí ṣẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ó pa ẹnu dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀dùnkún sínú ọbẹ̀.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí ilé ìwòsàn pè. Lorna fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ní ohùn dáadáa, ó béèrè bóyá ọjọ́ Mọ́ńdè wà bẹ́ẹ̀. Lorna wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ká a kò, ó tẹ́ ẹ. Kò dùn ún. Ó ní, "Rárá o, ọmọ mi. Ó ti ń yá. Ẹ fi mí sí ìgbà tí yìnyín bá yọ́." Ọ̀dọ́bìnrin náà béèrè bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú.

Kendra ń fi ẹ̀yìn hàn án. Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró lórí ọ̀dùnkún fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé.

Wọ́n jẹ ọbẹ̀ náà. Ó dùn, ó ní mílíìkì dáadáa, àlùbọ́sà rẹ̀ sì rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ń ti ọ̀rọ̀ mọ́ inú kò mọ adùn ọbẹ̀.

Bí wọ́n ti jẹun tán, ọkọ̀ akẹ́rù Merle ya wọlé. Ó ti pẹ́ tí Merle ti ń kó ẹrù wa fún ilé iṣẹ́, láti ayé Althea ni. Lorna gbé ẹ̀wù òtútù wọ̀, ó jáde lọ bá a ní ṣẹ́ẹ̀dì, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀, nítorí ó fẹ́ gbọ́ ìyìn. Adé ewé wà ní títò léra wọn, wọ́n ti fi okùn dì wọ́n ní ìdì-ìdì. Kendra ló ń bá a tò wọ́n, tó sì ń bá a dì wọ́n, nítorí àtàǹpàkò Lorna kò lè ta kókó. Bí Lorna bá ti wé ti ọjọ́ kan tán, ó di ọ̀la kó tó tún rí wọn, wọ́n á ti wà nínú ìdì.

Merle gbé ìdì kan, ó tú u, ó yí adé ewé olówùú pupa kan sẹ́yìn, ó fi ìka fa wáyà rẹ̀. Kò mì. Ó fa òmíràn.

"Ọwọ́ rẹ ọdún yìí, Lorna," ó wí, "bí ti Althea nígbà tó wà lọ́mọge. Mo ti sọ fún wọn nílé iṣẹ́ pé kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu láti máa yẹ olówùú pupa wò."

"Mo sọ fún wọn nílé. Wọn ò gbọ́."

"Nǹkan kan péré ló ń yà mí lẹ́nu." Merle ń rẹ́rìn-ín. "Nígbà wo lo di ọlọ́wọ́ òsì?"

"Kí lo ní?"

"Wáyà ẹ. Gbogbo wọn ló yí sí òsì. Ti tẹ́lẹ̀ kì í yí báyìí. Àbí ẹ̀ṣẹ̀ ni? Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

Lorna gba adé ewé náà. Òwú pupa ló wà lára rẹ̀. Ó yí i padà. Wáyà náà le, ó mọ́, ó sì ń yí lọ sí òsì, síbi tí ọwọ́ òun kò lè gbà láéláé. Ó fa òmíràn yọ, ó tún fa òmíràn. Ó tú ìdì kejì pẹ̀lú eyín nítorí ìka kò gbà. Òsì. Òsì. Kò rí ẹyọ kan tó jẹ́ tirẹ̀ nínú gbogbo wọn.

Merle ti rí ojú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun máa dúró nínú ọkọ̀.

Abẹ́rẹ́ ti fún Lorna ní oorun. Ní òtítọ́ ló fún un. Oorun yẹn ló ń sùn nígbà tí ẹnì kan ń dìde, tó ń tú gbogbo ohun tó wé, tó tún ń wé wọn látìbẹ̀rẹ̀, tó ń so òwú pupa padà mọ́ wọn, tí yóò sì tún wé olówùú búlúù tirẹ̀ ní ojúmọmọ. Ó rántí ọjọ́ tí òun, Lorna, dúró síbi tábìlì yìí gan-an, tí òun ń tú ti Althea lójú Althea, tí òun ń wí pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ̀ ń sùn ni tẹ́ ẹ bá ń wé e?" Àgbàlagbà náà wo ilẹ̀. Kendra kéré nígbà yẹn, ó jókòó sórí òkìtì ẹ̀ka.

Lẹ́yìn rẹ̀, Lorna gbọ́ ọ. Pà-pà-pà.

Ó yíjú sí àpótí ìjókòó náà. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó tún dún, kì í sì í ṣe nínú ṣẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló wà ní ṣíṣí.

Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà náà. Kendra dúró síbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó na apá òsì sílẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn omi dànù. Ọwọ́ náà gbẹ.

"Láti ìgbà wo?" Lorna béèrè.

Kendra fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn, bí ọmọ tó jí ṣúgà. "Kò ṣe nǹkan kan."

"Láti ìgbà wo, Kendra?"

"Ti adé ewé, láti ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ gba abẹ́rẹ́. Ti ọwọ́…" Ó mí. "Kò tíì pẹ́. Ó máa ń lọ bí mo bá ti gbọ̀n ọ́n."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo rí bí Màmá àgbà ṣe wo ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ wo ilẹ̀."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n ní. Lorna wà lọ́jà o. Oorun ló ń sùn.

Ó gbé fóònù. Ó fi ọmọńdinrín tẹ nọ́ńbà, torí òun ni ìka tó ṣì mọ ohun tó fọwọ́ kàn. Ọ̀dọ́bìnrin olóhùn dáadáa yẹn ló gbé e. Lorna ní òun ti yí èrò òun padà nípa ọjọ́ Mọ́ńdè. Ọ̀dọ́bìnrin náà ní ó dun òun púpọ̀, àwọn ti pe ẹlòmíràn, onítọ̀hún sì ti gbà á. Ó ní orúkọ Lorna wà fún ìgbà tí yìnyín bá yọ́.

"Ó dáa," Lorna wí. "Ẹ bá mi kọ orúkọ ẹnì kan sí i. Kí dókítà wo ọwọ́ rẹ̀ kíákíá, kó tó di pé ó gba abẹ́rẹ́ kankan. Ọmọ mi ni."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, Vaughn ti dé ẹnu ọ̀nà láti inú igbó, ó ru ẹrù ẹ̀ka firi, ọ̀ṣọ̀rọ̀ yìnyín wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Lorna wò ó.

"O mọ̀," ó wí.

Vaughn bojú wo ilẹ̀.

"Máà gbé ìyẹn wọlé."

Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ síta, sórí yìnyín, ó sì dúró tì í. Nínú ọgbà, Merle ṣì jókòó sínú ọkọ̀, kò sì ṣíná ọkọ̀ náà.

Lorna fa àga kan, ó mú kí Kendra jókòó. Ó gba ọwọ́ òsì rẹ̀, ó tẹ ẹran abẹ́ àtàǹpàkò. Ó ṣì kún. Ó tún un tẹ̀, ó fi ètè kàn án nítorí kò gba ìka tirẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn náà ó tú ohun ìdè kúrò ní ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi de ọmọ náà. Pátákó inú rẹ̀ kọ sí ibi tí kò yẹ, ihò àtàǹpàkò rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín. Àtàǹpàkò Lorna kò rí okùn rẹ̀ mú, ó ń yọ̀, ó tún ń wá a.

"Mọ́mì," Kendra wí, "ti ọwọ́ ọ̀tún ni."

Lorna ní òun mọ̀. Kò dáwọ́ dúró.